Àpò Pupa Tí Wọ́n Ní Kí N Má Tú

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọbìnrin mi, nínú ilé wa ní Hellersdorf ní Berlin, níbi tí a ti jọ ń ká aṣọ tó gbẹ. Ó gbé ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Mama, das macht man doch nicht." Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, èdè Jámánì ló fi máa ń dá mi lóhùn. Ohun tó ń sọ ni pé èèyàn kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Inú ṣì bí mi sí i, mo ní kó dìde kó lọ fọ abọ́, abọ́ tí kò dọ̀tí. Bí ojú bá ti ń tì mí, ńṣe ni ẹnu mi máa ń wá ẹni tí yóò bú.

Hamburg ni mò ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní St. Georg, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, tí kò jìnnà sí Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Pflege. Nínú àwọn arúgbó tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́, ìyá kan wà tó jẹ́ ará Japan. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọge ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Hamburg láti wá fẹ́ atukọ̀ kan, ọmọ Jámánì, ọkùnrin náà sì ti di olóògbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Neukölln ní Berlin ni ìyẹn ń gbé, ó sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá wo ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì.

Màmá ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó ní òun kọ́ ló bí mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ẹni tó bá dàgbà tó yín, n kò lè pè é lórúkọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo ti tọ́jú àwọn tó ń ju ṣíbí lù mí, àwọn tó ń ka owó wọn bí mo bá ti wọlé, àwọn tó ń bi mí bóyá ìdọ̀tí ló wà lára mi. Èyí kì í ṣe irú wọn. Bí mo bá ń bọ̀, á ti to sálúbàtà tí mo máa wọ̀ nínú ilé sí ẹnu ọ̀nà, á kọ iwájú rẹ̀ síbi tí mo máa gbà wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tó ti ilé ìwòsàn dé, ó ní kí n jókòó. Ó bọ́ okùn kan lọ́rùn. Àpò aṣọ kékeré kan wà lẹ́nu okùn náà, kò ju páálí ìṣáná lọ, pupa ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣá. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ní ìlú òun, ojúbọ kan ti Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, wà létí òkun, níbi tí àwọn apẹja ti máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá òun ti gba àpò náà fún òun, nígbà tí ọjọ́ tí òun máa wọ ọkọ̀ ku ọ̀la, kí òun lè gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọdún kan péré ló yẹ kí irú àpò bẹ́ẹ̀ lò lọ́rùn èèyàn. Tí ọdún bá ti pé, èèyàn á dá a padà síbi tó ti gbà á, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á fi iná sun ún pẹ̀lú àdúrà. Òun kò padà lọ́dún náà. Ọmọ dé, àìsàn ọkọ dé, ìyá òun kú lẹ́yìn òun, òun kò sí níbi ìsìnkú. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àpò náà ti wà lọ́rùn òun.

"Mi ò fẹ́ kú pẹ̀lú ẹ̀ lọ́rùn," ó wí. "Gbèsè ọpẹ́ ni."

Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ rẹ̀ ló máa lọ ní oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n máa ń dáná náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí ọmọ náà ni, ọ̀pá ló fi ń rìn. Màmá fẹ́ kí n bá a lọ, kí n máa ràn án lọ́wọ́, kí èmi sì gbé àpò náà, nítorí ó ní ọmọ òun máa ń gbàgbé nǹkan sínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Ó kó o lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, pé kí n máa bá òun tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má lọ sọ ọ́ nù ní ilé ìwòsàn bí òun bá tún padà síbẹ̀.

"Má tú u o," ó sọ. "Wọn kì í tú u."

Mo ní kò sí wàhálà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, òótọ́ ni. Òótọ́ sì tún ni pé inú mi dùn pé mo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò dé rí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ohun tí wọ́n bá rán lẹ́nu pa sínú aṣọ, tí wọ́n ń so kọ́rùn, tí wọ́n wá ní kí o má wo inú rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló ní nílé wa: oògùn. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi ìwé ìròyìn bò ó. Mo gbé e lọ sí fàráńdà, síbẹ̀ n kò lè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ìyá ìjọ wa kan ní Berlin lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," mo wí, mo sì rojọ́.

"Ṣé o mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Wọ́n ní kí n má tú u."

"Ehn-ehn! Wọ́n ní kó o má tú u, o wá fẹ́ gbé e kọjá òkun? Sister, use your head o. Tú u wò. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kó o rán an padà. Abí ìwọ kọ́ lò ń ránṣọ n'Íbàdàn ni?"

N kò di ẹ̀bi náà lé e lórí. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ọwọ́ tèmi ni mo fi ṣe é. Mo mú abẹ, mo jókòó ti fèrèsé, mo já òwú ìdí àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

N kò bá irun níbẹ̀. N kò bá èékánná, n kò bá ìyẹ̀pẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kékeré kan ló jáde, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ dúdú sí i lára, wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa lé e. Bébà kan wé mọ́ igi náà, ó tinrín, ó ti pọ́n. Mo tú bébà. Wọ́n fi báírò búlúù kọ nǹkan sí i, ìlà mẹ́ta, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìwé tí n kò lè kà yẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù. Mo ní ọfọ̀ ni, kí ló tún lè jẹ́? Èmi tí mò ń wí yìí, ìwé àdúrà kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí wòlíì wa kọ, tó ká, tó rán sínú aṣọ funfun, n kò sì tú ìyẹn wò rí láti ọdún tí mo ti ní in. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà.

Mo wé igi àti bébà náà sínú ọ̀rá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí etí odò Elbe, síbi tí iyanrìn wà tí ìjọ wa ti máa ń gbàdúrà. Mo bọ́ bàtà nínú òtútù yẹn. Mo gbàdúrà kíkankíkan, mo sọ àwọn nǹkan tí n kò lè kọ síbí nípa òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, mo yọ méjèèjì nínú ọ̀rá, mo sì jù wọ́n sínú odò. Bébà náà ló kọ́kọ́ rì. Igi léfòó díẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ sì gbé e lọ. Mo ń kọrin bí mo ṣe ń padà sílé. Orin yẹn ló máa ń dùn mí jù nígbà tí mo bá rántí, pé mo kọrin.

Ó wá ku àpò tó ṣófo. Mo gé páálí tíì, mo wọ̀n ọ́n dáadáa kó lè ṣe déédéé igi náà, mo tì í bọ inú àpò, mo wá òwú tó ṣá bí ti àkọ́kọ́, mo sì rán an padà. Abẹ́rẹ́ tí mo fi rán an kéré débi pé mo ní láti wọ awò. N kò tíì rán aṣọ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo ní tí a bá ti dé ọ̀hún, tí wọ́n bá ti jó o, ọ̀rọ̀ parí, Màmá á sinmi, èmi náà kò gbé oògùn kọjá òkun. Mo rò pé mo gbọ́n.

Oṣù kìíní dé, èmi àti ọmọ Màmá lọ sí Japan. Ìlú kékeré ni. Ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa débẹ̀ ń tọ etí òkun lọ, gbogbo ilé ló kọjú sí omi, ẹja sì wà lórí okùn níwájú wọn bí ẹni sá aṣọ. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun náà kò wá síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, mo di apá rẹ̀ kejì mú, àpò náà sì wà nínú àpò kóòtù mi.

Ẹnu ọ̀nà pupa gàgàrà kan ló wà níwájú ojúbọ náà, òpó méjì àti igi ìdábùú, kò ní ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkun wà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ bàtà mi méjèèjì. N kò rò ó rárá, ẹsẹ̀ mi ló ṣe é. Ilẹ̀ mímọ́ ni, ní ìjọ wa a kì í wọ bàtà níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ọ̀nà náà, òtútù sì mú. Ọmọ Màmá wo ẹsẹ̀ mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn láti Berlin.

"Wọ bàtà rẹ," ó wí. "Wọ́n ń wọ bàtà níbí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan ni kó o gbà, àárín jẹ́ ti òrìṣà."

Àwọn ìyàwó apẹja méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa rí mi níbi tí mo ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tẹrí ba fún mi, àní èmi, nítorí ẹsẹ̀ lásán tí mo fi tẹ ilẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Wọ́n rò pé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ilé wọn ni mí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, omi ń ṣàn sínú ọpọ́n òkúta kan. A fi ṣíbí onígi gígùn bu omi, a da á sí ọwọ́ òsì, a da á sí ọwọ́ ọ̀tún, a bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ fi yọ ẹnu, a tu ú sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ Màmá ní bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ àti ẹnu kí wọ́n tó dé iwájú òrìṣà nìyẹn, kí èèyàn má gbé ìdọ̀tí wọlé. Mo fọ̀ ọ́. Mo tún un fọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Àlùfáà tó jáde sí wa wọ aṣọ funfun, ó gùn délẹ̀, apá rẹ̀ fẹ̀. Ká ní mo rí i lẹ́yìn nínú ọjà St. Georg ni, ǹ bá sáré tẹ̀ lé e pé ọmọ ìjọ wa ni. Ọmọ Màmá bá a sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n mú àpò wá. Ọwọ́ méjèèjì ni àlùfáà náà fi gbà á, bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó bi í pé ọdún mélòó. Nígbà tó gbọ́, ó gbé àpò náà sókè díẹ̀, ó tẹrí ba fún un. Àpò tí mo rán. Ó wọlé, ó gbé e síwájú, ó mi ọ̀pá kan tí wọ́n so bébà funfun mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà ní ohùn gígùn kan. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi orúkọ Màmá, àti "Hamburg". Ọmọ Màmá tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tẹrí ba. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo ti búra nílé pé n kò ní í tẹrí ba. Mo tẹ̀ ẹ́ ba, kì í ṣe fún òrìṣà, n kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi ni.

Lọ́sàn-án, gbogbo ìlú kó jọ sí etí òkun. Wọ́n ti to ọparun àti koríko gbígbẹ jọ gàgàrà, wọ́n kó okùn tí wọ́n fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún tuntun àti àpò àdúrà tí wọ́n ti lò tán sí i lára, wọ́n dáná sí i. Ọparun ń bú gbàù. Àlùfáà náà kó àpò Màmá lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà sì yíjú sí mi.

"Ìyá mi ní ìwọ ni kó o fi sínú iná. Ó ní ìwọ lo bá òun tọ́jú ẹ̀."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ rì sínú iyanrìn. Mo ju páálí tíì sínú iná, àwọn tó dúró yí wa ká tẹrí ba fún un. Bàbá apẹja kan na ọparun kan sí mi, ìṣù ìyẹ̀fun ìrẹsì róbótó tí wọ́n yan lójú iná náà wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní í ṣàìsàn lọ́dún náà. Mo jẹ ẹ́. Mo sọ pé ẹ ṣé. Gbogbo wọn ṣojú rere sí mi, ká ní ẹnìkan tilẹ̀ tì mí dànù, ara ì bá tù mí.

Ọjọ́ kejì tí a padà dé ni mo lọ bá Màmá. Orí àga ló wà, ó ti wọ aṣọ tó dára. Mo ròyìn òkun fún un, mo ròyìn ẹnu ọ̀nà pupa, mo sọ pé àlùfáà pe orúkọ rẹ̀, mo sọ bí iná náà ṣe ga tó. Ó ń gbọ́, ó di ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, òun tí èmi àti ẹlòmíràn jọ ń gbé dìde. Mo rò pé ó fẹ́ ṣubú. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì fi iwájú orí kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, níwájú mi, òun tó lè bí mi lọ́mọ.

"Rárá, Màmá! Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!" Yorùbá ni mo fi pariwo rẹ̀, kò sì gbọ́. Èmi náà wó lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti fi Jámánì jẹ́wọ́. Mo sọ nípa abẹ, mo sọ nípa odò Elbe, mo sọ nípa páálí tíì. N kò fi ìyá ìjọ ṣe àwáwí. N kò sọ pé ẹ̀rù ló bà mí.

Mo fi gbogbo agbára mi gbé e padà sórí àga. Mo ń retí kó bú mi, mo ń retí kó ní kí n jáde, kó pe ilé iṣẹ́ wa.

"Bébà wo?" ó bi mí.

"Bébà tó wé mọ́ igi náà, Màmá."

"Igi nìkan ló máa ń wà níbẹ̀."

"Bébà wà níbẹ̀, Màmá. Báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta."

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó fi bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn.

"Wọn kì í fi báírò kọ nǹkan ní ojúbọ yẹn," ó wí. "Ìyá mi ni. Ó ti tú u, kó tó fún mi."

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí lẹ́tà ìyá rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì mọ̀, nítorí pé ó gbọ́ràn. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, èmi nìkan láyé ló fi ojú kan án, n kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Ó ní kí n fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, kí n mú bébà àti báírò. "Yà á," ó wí. "Bó o ṣe rí i gan-an."

Mo yà á. Ní òkè ìlà àkọ́kọ́, mo rántí ohun kan tó dà bí òrùlé, àti ìlà kékeré méjì lábẹ́ rẹ̀. Bóyá mẹ́ta ni. Lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé ńṣe ni mò ń dá a dọ́gbọ́n, mo sì dúró, nítorí n kò fẹ́ tún purọ́ fún un. Ó gba bébà náà, ó wọ awò rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó wò ó síwájú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń gbìyànjú láti kà á.

"Tún un yà," ó wí, ó sì na bébà mìíràn sí mi.

Mo gbà á. Mo mú báírò, mo tẹ orí rẹ̀ mọ́ bébà, n kò sì rántí nǹkan kan mọ́.